Kọ̀ǹpútà tí mo tò fúnra mi ti di ajísàárì, ẹ gbà mí o

FídíòWòlímọ̀ (Táńkẹ̀)
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀. Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe, yìgì, wòlímọ̀, ìkómọ, gbogbo ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá mo to CPU kan fúnra mi, bọ́ọ̀dù tuntun, RAM 32GB tuntun (òun ló ń gbé iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́), SSD tuntun (òun ló ń tọ́jú fáìlì), káàdì fídíò ni tòkunbọ̀, pawa-páàkì tó ń pín iná fún gbogbo ẹ̀ náà tòkunbọ̀ torí owó ti tán lọ́wọ́ mi nígbà yẹn. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ oorun ẹ̀ ló fẹ́ pa mí. Mo máa ń fi í sí slíìpù lálẹ́ kí n má baà tún máa ṣí fáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan láàárọ̀. Láti bí oṣù kan báyìí, aago méjì òru, nígbà míì mẹ́ta, mà á kàn gbọ́ fáànù ẹ̀ fùùù, iná mèremère tó wà lára ẹ̀ á mọ́lẹ̀ káàkiri yàrá, ìyàwó mi á yí ojú sí ògiri á ní "ajísàárì yín ti dé o". Ààwẹ̀ ò sì tíì dé!

Èyí tó wá burú jù ni pé láàárọ̀ míì tí mo bá fẹ́ jí i, kò ní jí. Fáànù á máa yí, iná á tàn, ojú monitor á dúdú kirikiri, kíbọ́ọ̀dù ò ní dáhùn, àfi kí n di bọ́tìnì ẹ̀ mú títí tó fi máa kú. Sátidé tó kọjá, iṣẹ́ wákàtí mẹ́rin ló bá a lọ, fídíò wòlímọ̀ ọmọ Àfáà kan ládùúgbò wa, ẹ mọ̀ pé irú wọn kì í gbọ́ àwáwí. Ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nígboro ní kí n gbé e wá kí òun bá mi fọ Windows (kó pa á rẹ́, kó gbé tuntun sí i), 15,000 ló ń béèrè. Kí n gbé e lọ àbí?

Bàbá_Ìbejì_Adéwọlé
Ẹ kàn máa pa á lálẹ́ jàre. Ẹ̀rọ wo ló ń sùn bí èèyàn.

Arẹwà_Òmùàrán
Ẹ̀gbọ́n Fídíò, ẹ má tíì fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Èmi náà máa ń to kọ̀ǹpútà fún àwọn èèyàn ní Òmù-Àrán níbí, ohun tí mo sì ti rí ni pé tí nǹkan bá ti ṣe kọ̀ǹpútà pẹ́nrẹ́n wọ́n á ti ní ká fọ Windows, wọ́n á fọ̀ ọ́ tán, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó tún ti padà sídìí àárọ̀ torí wọn ò bi í léèrè ẹni tó ń jí i. Ó mọ̀ ọ́n o. Ẹ bi í.

Tó bá tún jí lóru, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkankan, ẹ kọ cmd síbi tẹ́ ẹ ti máa ń wá nǹkan ní Start, ẹ yan Run as administrator, ẹ wá kọ powercfg /lastwake. Ìyẹn á sọ ohun tó jí i kẹ́yìn. Ẹ tún kọ powercfg /waketimers, ìyẹn á sọ iṣẹ́ tó ti dá àkókò sílẹ̀ pé òun á jí i. Powercfg /devicequery wake_armed á ka orúkọ gbogbo nǹkan tó láṣẹ àtijí i, mọ́ọ̀sì o, kíbọ́ọ̀dù o, káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì o. Ẹ wá fi powercfg /a parí ẹ̀ ká mọ irú oorun tí bọ́ọ̀dù yín mọ̀, S3 (oorun àsùnwọra, RAM ló kù tó ń gba iná) ni àbí S0 Low Power Idle (oorun fẹ́rẹ́, ara ẹ̀ ò kú tán), torí oorun méjèèjì yẹn, àrùn wọn ò jọra. Tí lastwake bá ní òun ò mọ̀, ó sì máa ń díbọ́n bẹ́ẹ̀ nígbà míì, ẹ lọ sí Event Viewer, Windows Logs, System, ẹ wá Power-Troubleshooter tó ní nọ́ńbà 1, ẹ máa rí Wake Source nínú ẹ̀. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ wá síbí.

Tíṣà_Ajàṣẹ́
Kí ẹ̀gbọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ nǹkan, ìbéèrè kan. Ní aago méjì òru yẹn, ṣé kì í ṣe pé iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni? Mo béèrè torí ó ṣe mí rí ní Ajàṣẹ́-Ìpo níbí. Odidi ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń bú Windows, àṣé kọ̀ǹpútà ò jí rárá, títàn ló ń tàn! Iná á lọ nígbà tó ń sùn lọ́wọ́, oorun ẹ̀ á di ikú, tí iná bá wá dé lóru á tan ara ẹ̀ padà. Inú BIOS (ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó dé) ni ọ̀rọ̀ wà, níbi tí wọ́n kọ Restore on AC Power Loss sí, bọ́ọ̀dù míì ń pè é ní AC Back. Power On ló wà, mo yí i sí Power Off, ó tán.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀: tó bá jẹ́ jíjí ló jí, gbogbo ohun tẹ́ ẹ ṣí sílẹ̀ á wà níbi tẹ́ ẹ fi í sí. Tó bá jẹ́ títàn ló tàn, kò ní sí fáìlì kankan níbẹ̀, Event Viewer á sì kọ Kernel-Power 41, tó túmọ̀ sí pé ó kú láìdágbére.

Ọmọ_Ọ̀ffà
Tèmi á pa yín lẹ́rìn-ín. Fáànù onídùúró wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, mi ò kì í pa á tí iná bá lọ. Tí iná bá dé lóru, fáànù á gbéra, tábìlì á gbọ̀n díẹ̀, mọ́ọ̀sì tó wà lórí ẹ̀ á rò pé ọwọ́ ló kan òun, ó di kọ̀ǹpútà ti jí (ínfátà ló gbé kọ̀ǹpútà, kò gbé fáànù, ìdí nìyẹn tí ìyẹn ò fi kú). Mo ti ra oògùn eku sínú yàrá kí n tó mọ̀, mo rò pé eku gidi ló ń taari eku kọ̀ǹpútà. Ẹ lọ sí Device Manager, ẹ wá mọ́ọ̀sì yín, Power Management, ẹ yọ àmì kúrò níwájú Allow this device to wake the computer. Ẹ fi ti kíbọ́ọ̀dù sílẹ̀ ṣá, ká má sọ pé ẹ ò ní rí nǹkan fi jí i mọ́.

FídíòWòlímọ̀
Ẹ ṣé gan-an ni. Aago 2:04 òru àná ló jí, mo dìde mo sì tẹ gbogbo ẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe wí. Ohun tó sọ rèé: lastwake ní Wake History Count 1, ó wá kọ orúkọ káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì síbẹ̀. Waketimers náà kọ UpdateOrchestrator gàdàgbà, pé iṣẹ́ kan tó ti fi àkókò sí ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jí kọ̀ǹpútà. Wake_armed ka mọ́ọ̀sì, kíbọ́ọ̀dù àti káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà. Powercfg /a ní S3 wà, ó ní hibernate (oorun tó máa ń kọ gbogbo iṣẹ́ sí SSD kó tó kú pátápátá) ò sí torí wọ́n ti pa á, èmi ni mo pa á, ẹnì kan ló sọ fún mi pé ó ń jẹ SSD. Tíṣà, gbogbo fáìlì mi wà níbẹ̀, jíjí ló jí.

Arẹwà_Òmùàrán
Ẹ ò rí i. Èèyàn méjì ló ń kan ilẹ̀kùn ẹ̀ lóru.

Ti àkọ́kọ́, àtúnṣe Windows. Windows máa ń ṣe ìtọ́jú ara ẹ̀ ní aago méjì òru tẹ́nikẹ́ni ò bá yí i padà, bó ṣe bá a nínú ilé-iṣẹ́ nìyẹn, ìdí nìyẹn tí tiyín fi ń bọ́ sí àkókò yẹn. Ẹ wọ Control Panel, Power Options, Change advanced power settings, Sleep, Allow wake timers, ẹ fi sí Disable. Important wake timers only ò tó, èyí tí wọ́n bá ní ó ṣe pàtàkì á ṣì jí i.

Ti ìkejì, káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bóyá ráútà yín àbí fóònù kan nínú ilé ló ń ránṣẹ́ káàkiri, káàdì á gbọ́, á jí ilé. Ẹ wọ Device Manager, Network adapters, Power Management, àmì kékeré kan wà níbẹ̀ tó ní Only allow a magic packet to wake the computer. Ẹ fi àmì sí ìyẹn tẹ́ ẹ bá nílò àtijí i láti ọ̀nà jíjìn, tẹ́ ẹ ò bá nílò ẹ̀ ẹ yọ gbogbo ẹ̀ dànù.

Ti hibernate tí ẹ pa yẹn, ẹni tó gbà yín nímọ̀ràn yẹn ò ṣe yín lóore. Òótọ́ ni pé fáìlì hiberfil.sys máa ń gba bí ìdá 40 nínú 100 RAM, lórí 32GB yín ìyẹn sún mọ́ 13GB. Ṣùgbọ́n Ìlọrin lẹ wà o! Tí hibernate bá wà, ẹ lè tan hybrid sleep, kọ̀ǹpútà á kọ gbogbo ohun tó wà nínú RAM sí SSD kó tó sùn. Tí iná ò bá lọ, á jí ní wéré látinú RAM. Tí iná bá lọ, á gbé e látinú SSD, ẹ ò ní sọ nǹkankan nù. Wákàtí mẹ́rin yẹn ì bá má lọ. Ẹ kọ powercfg /h on, kẹ́ ẹ wá padà sí Sleep níbi tẹ́ ẹ wà lẹ́ẹ̀kan, Allow hybrid sleep, On.

Bàbá_Ìbejì_Adéwọlé
Gbogbo wàhálà yìí nítorí slíìpù? Mo ní ẹ pa á.

Tíṣà_Ajàṣẹ́
Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Mo ní mítà kékeré kan tó ń wà láàárín sókẹ́ẹ̀tì àti pálọ́ọ̀gì. Tèmi ń jẹ wáàtì 70 tí mo bá kàn tàn án sílẹ̀ láìṣe nǹkankan, tó bá sùn ó ń jẹ 4. Láàárín wákàtí mẹ́jọ òru kan, 70 di 560, ìyẹn ju ìdajì yúnìtì lọ. Ní oṣù kẹrin 2024 tí owó Band A fò dé náírà 225 fún yúnìtì kan, kí wọ́n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, náírà 126 nìyẹn lóru ọjọ́ kan. Tó bá sùn, náírà 7 ni. Ẹ rí i pé oorun ẹ̀ ò pọ́n yín lójú, jíjí tó ń jí láago méjì tí á sì wà ní títàn títí di àárọ̀ gan-an ló ń jẹ owó ẹ̀gbọ́n Fídíò.

Pípa náà dáa, mi ò ní kò dáa. Ẹni tó bá ń ṣe fídíò lẹ máa bi léèrè bó ṣe máa ń pẹ́ tó kó tó tún ṣí gbogbo ẹ̀.

Bàbá_Ìbejì_Adéwọlé
Náírà 7? Hmm. Ó dáa.

Linux_Ìgbàjà
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Linux dípò Windows, tiwa náà wà níbẹ̀. Ẹ kọ cat /sys/power/mem_sleep, tó bá jẹ́ pé s2idle ni wọ́n fi àmì yí ká dípò deep, oorun ojú lásán ló ń sùn. Tèmi ń jí ní ìṣẹ́jú àáyá tó sùn gan-an, mo wá wo /proc/acpi/wakeup, mo rí GPP0 (ọ̀kan lára ohun tó láṣẹ àtijí i) tó wà ní enabled, mo kọ echo GPP0 | sudo tee /proc/acpi/wakeup, ó dákẹ́. Ẹ rántí pé tẹ́ ẹ bá tún kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì ó máa yí padà ni o, tí kọ̀ǹpútà bá sì ti kú á gbàgbé, àfi kẹ́ ẹ ṣe service (ètò tó ń tún un kọ nígbàkígbà tó bá tàn) fún un.

FídíòWòlímọ̀
Òru mẹ́ta rèé, ajísàárì ti dákẹ́. Alhamdulillahi. Ìyàwó mi ní kí n bá òun kí gbogbo yín.

Ṣùgbọ́n ti ojú dúdú láàárọ̀ ò tíì lọ o. Ní àárọ̀ òní ló tún ṣe é. Arẹwà, mo ti pa XMP (ètò inú BIOS tó ń mú RAM sáré) bẹ́ ẹ ṣe sọ fún mi ní ìkọ̀kọ̀, mo ti gbé BIOS tuntun sí i, mo yọ RAM mo tún un tì wọlé, kò gbọ́.

Arẹwà_Òmùàrán
Fún ẹ̀yin yòókù, ìdí tí mo fi ní kó pa XMP ni pé RAM tí wọ́n bá mú sáré ju bó ṣe yẹ lọ lè ṣiṣẹ́ dáadáa lójúmọmọ kó wá kọsẹ̀ tó bá ń jí, torí bọ́ọ̀dù máa ń tún RAM mọ̀ nígbà yẹn. Nínú mẹ́wàá tí wọ́n bá gbé wá fún mi pé ojú dúdú lẹ́yìn oorun, XMP àbí BIOS àtijọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Tí kì í bá ṣe ìyẹn, mi ò mọ̀ o, ó ku káàdì fídíò tòkunbọ̀ yẹn.

Bàbá_Oníwáyà (Gáà Àkàǹbí)
Mo ti ń kà á látàárọ̀. Èmi ò mọ Windows, iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe láti 1991, àmọ́ ọmọ mi, ìwọ Fídíò, o ní pawa-páàkì rẹ tòkunbọ̀ ni, kò sì sẹ́ni tó bi ọ́ nípa ẹ̀. Gbogbo yín ń wo orí, ẹsẹ̀ ló ń dùn ún.

Gbọ́ mi dáadáa. Tí kọ̀ǹpútà bá sùn irú oorun S3 yẹn, gbogbo iná inú pawa-páàkì ló máa ń kú, 12 kú, 3.3 kú, ẹyọ kan ṣoṣo ló ń ṣẹ́ kù, 5 fóòtì tí wọ́n ń pè ní standby. Òun nìkan ló ń gbé RAM dúró mọ́jú. RAM ò dà bí SSD, tí iná ẹ̀ bá rẹlẹ̀ díẹ̀, ohun tó wà nínú ẹ̀ á dàrú, láàárọ̀ á wá dà bí ẹni tó jí tí ò mọ orúkọ ara ẹ̀, ara ń mì, ojú ò ríran. Pawa-páàkì tó ti lò ọdún mẹ́fà méje lókè òkun kó tó wọ Nàìjíríà, kàpásítọ̀ (ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́) apá standby yẹn ló máa ń kọ́kọ́ gbó, torí òun ò sinmi rí, níwọ̀n ìgbà tó bá ti wà lára iná òun ń ṣiṣẹ́.

Wá mítà. Ṣí ẹ̀gbẹ́ CPU, wo pálọ́ọ̀gì ńlá oníhò 24 tó wọ bọ́ọ̀dù, wá wáyà aláwọ̀ àlùkò, ẹ̀yin ọmọ ìsìnyí ń pè é ní pọ́pù, ihò kẹsàn-án ló wà. Má yọ pálọ́ọ̀gì o. Ti imú pupa mítà bọ ẹ̀yìn ẹ̀ jẹ́jẹ́, kí imú dúdú kan wáyà dúdú. Kà á nígbà tó bá jí, kó o tún kà á nígbà tó bá sùn. Kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju 4.75, kò gbọdọ̀ ga ju 5.25 lọ. Bó bá wù kó rí, o ò gbọdọ̀ ṣí inú pawa-páàkì fúnra rẹ, kàpásítọ̀ ńlá inú ẹ̀ lè gbé èèyàn ṣubú kódà tó o bá ti yọ ọ́ kúrò lára iná.

Ọmọ_Ọ̀ffà
Bàbá dé!!

FídíòWòlímọ̀
Bàbá, ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́. Mo yá mítà lọ́wọ́ aládùúgbò wa kan tó ń so sóólà. Mo dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, ọmọ mi obìnrin bá mi di mítà mú ó ń kà á sókè. Nígbà tó jí: 4.91. Mo fi sí slíìpù, ó ní "Dádì, 4.38". Mo ní kó tún un kà. 4.38. Àfi bí ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ nínú àtẹ̀gùn.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó yà mí lẹ́nu. Fóònù mi wà lára USB ẹ̀yìn ẹ̀, ó ń gba iná. Ó ti tó oṣù kan tí orí chájà mi ti jó, láti ìgbà yẹn ara kọ̀ǹpútà ni mò ń so fóònù mọ́ lálẹ́. Mo yọ fóònù, ọmọ ní "ó ti di 4.69". Ṣé kì í ṣe oṣù kan yẹn náà ni mo ní ojú dúdú yìí bẹ̀rẹ̀?

Bàbá_Oníwáyà
Òun náà ni. USB tó ń fún fóònù níná nígbà tí kọ̀ǹpútà ń sùn, ara standby kan náà ló ti ń fà á. Arúgbó tó ti ń gbé RAM, o tún gbé fóònù lé e lórí. Àmọ́ yíyọ fóònù ò tó, 4.69 náà ti kọjá ààlà sísàlẹ̀. Máa fi hibernate lo ọjọ́ díẹ̀ títí wàá fi rí owó pawa-páàkì tuntun, kò sí RAM láti gbé nínú ìyẹn, SSD ló kọ gbogbo ẹ̀ sí.

Tó o bá ń ra òmíràn, irú ínfátà wo lo ń lò? Tó bá jẹ́ irú olówó pọ́ọ́kú tí iná ẹ̀ ń já ṣíkíṣíkí dípò kó máa yípo bí ti ìjọba, pawa-páàkì ìgbàlódé tó ní active PFC (ètò tó ń tún bó ṣe ń fa iná ṣe) lè máa ké sí i tàbí kó kú lójijì tí iná bá yí padà. Pure sine, èyí tí iná ẹ̀ ń yípo bí ti ìjọba, ni kó o wá.

FídíòWòlímọ̀
Pure sine ni Bàbá, ìyẹn nìkan ni mo ná owó sí.

Arẹwà_Òmùàrán
Mo ti kọ́ nǹkan lónìí. Àwọn méjì kan tí mo ti yí káàdì fídíò fún báyìí, ojú ń tì mí.

FídíòWòlímọ̀
Ẹ̀yin èèyàn mi, ọjọ́ kẹwàá rèé tí mo ra pawa-páàkì tuntun, ìlọ́po mẹ́rin owó tí ẹni yẹn fẹ́ fi fọ Windows ni, ó dùn mí, àmọ́ ó tọ́ sí i. Standby ẹ̀ tó bá sùn jẹ́ 5.02, mo so fóònù mọ́ ọn láti dán an wò, 4.99. Mo tún tan XMP padà, mo ń fi í sí slíìpù lálaalẹ́, kò kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lánàá iná lọ ní bí aago mọ́kànlá òru nígbà tó ń sùn, ínfátà náà ti kú torí òjò ò jẹ́ kí sóólà gba iná lọ́sàn-án, láàárọ̀ mo tẹ bọ́tìnì, ó pẹ́ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, gbogbo fáìlì wòlímọ̀ mi sì wà níbẹ̀ bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀.

Bàbá_Ìbejì_Adéwọlé
Ẹ jọ̀ọ́, tèmi náà ti ń jí lóru láti ìjẹta. Kí lẹ ní kí n kọ́kọ́ tẹ̀?

Arẹwà_Òmùàrán
Powercfg /lastwake, bàbá 😂 Ẹ ṣáà rọra gbé fáànù jìnnà sí tábìlì ná.